Ìṣẹ̀dá Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Iṣẹ́ Pèpéle Onípákó

1.0 ÌFÁÁRÀ

Iṣẹ́ ṣíṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí ní èdè Yorùbá kì í ṣe iṣẹ́ òní. Láti ọdún 1970 tí ètò ìkọ́ni ọlọ́dún mẹ́fà ti bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀, níbi tí a ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ni ó ti hàn gbangba pé kò sí ìmọ̀ tí èdè yìí kò lè gbé, bí àwọn tí ó ni ín bá fara balẹ̀ wá ọ̀rọ̀ fún un. Ní ọdún 1984, ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde fún ìlò àwọn olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ní tirẹ̀ ṣì ń fẹ́ irú àbójútó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni àwọn ọ̀rọ̀ tí a lè fi kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ kan tí ó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ẹ̀yìnkùlé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní orílẹ̀-èdè náà, a ó rí ibi gíga kan tí a fi igi kọ́, tí kò ní òrùlé, tí ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ilé. Ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ni deck. Ibẹ̀ ni ìdílé ti ń gba afẹ́fẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sun ẹran, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń gba àlejò ní ìgbà ooru. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, bí ilé ti ń pọ̀ sí i ní àyíká àwọn ìlú ńlá, ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn onílé ni wọ́n sì máa ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ọ.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan Yorùbá nínú èyí. Ìdáhùn wa pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Ní àkọ́kọ́, ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń kó àlejò jọ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ní èkejì, iṣẹ́ kékeré yìí kó gbogbo ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ ilé kíkọ́ jọ: ẹrù, ohun tí ń gbé ẹrù, oríkèé tí a fi so igi pọ̀, omi, àti ìjẹrà. Olùkọ́ lè kọ́ gbogbo wọn tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ẹ̀kẹta, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ, iṣẹ́ tí orúkọ tí kò tọ́ lè pa ènìyàn níbẹ̀ ni iṣẹ́ yìí. A ó rí i níwájú pé ọ̀rọ̀-ìperí kan lè pàṣẹ fún oníṣẹ́ láti ṣe ohun tí kò yẹ kí ó ṣe, láìjẹ́ pé ẹni tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀ mọ̀.

2.0 ÌLÀNÀ TÍ A TẸ̀LÉ

Ìlànà mẹ́rin ni a tẹ̀lé.

(i) Ọ̀rọ̀ tí ó ti wà lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ni a kọ́kọ́ ń wá. Káfíńtà Yorùbá ti ní ayùn, òòlù, ìfági, ìṣó àti pákó. Kò sí ìdí tí a ó fi máa wá orúkọ mìíràn fún wọn.

(ii) Bí ọ̀rọ̀ àyálò bá ti fìdí múlẹ̀, a kì í lé e jáde. Bóòtù, nọ́ọ̀tì àti wáṣà ti di ọ̀rọ̀ Yorùbá lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì. Ẹni tí ó bá ní kí a pa wọ́n tì ń fi àkókò ṣòfò.

(iii) Orúkọ gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe, kò sì gbọdọ̀ sọ ọ̀nà ìṣiṣẹ́ tí ó lòdì sí ti òtítọ́.

(iv) Ọ̀rọ̀ méjì tí a ó máa lò níbi iṣẹ́ kan náà kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí ohùn orí wọn nìkan yà sọ́tọ̀. Níbi tí ayùn ti ń ké, tí òòlù sì ń dún, etí kì í gbọ́ ohùn dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ń kọ̀wé.

3.0 ORÚKỌ IṢẸ́ NÁÀ

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni ó wá síwájú wa. Èkíní ni dẹ́ẹ̀kì, tí í ṣe ọ̀rọ̀ àyálò. Ó kúrú, ó sì rọrùn láti pè, ṣùgbọ́n kò tíì fìdí múlẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò tíì rí ohun tí a ń wí. Èkejì ni ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èyí kò ṣe é lò, nítorí pé abẹ́ òrùlé ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa ń wà, ohun tí a ń wá orúkọ fún kò sì ní òrùlé. Ẹ̀kẹta ni pẹpẹ. Ohun tí a tò láti gbé nǹkan lé ni pẹpẹ í ṣe, èrò yìí sì sún mọ́ ohun tí a ń wá. Ṣùgbọ́n bí a bá wí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí pé a fẹ́ kọ́ pẹpẹ sí ẹ̀yìnkùlé, ilé ìjọsìn ni ọkàn wọn yóò lọ.

Ẹ̀kẹrin ni pèpéle. Pèpéle ni ìdúró amọ̀ tí a mọ mọ́ ara ilé níta, tí àwọn àgbà ń jókòó lé láti gba atẹ́gùn àti láti kí ẹni tí ń kọjá lọ. Ó ga ju ilẹ̀ lọ, ó fara ti ilé, ìgbafẹ́ ni a sì ń lò ó fún. Àwọn àmì mẹ́ta yìí náà ni ti ohun tí a ń wá orúkọ fún. Lóòótọ́, ìta ni pèpéle máa ń kọjú sí, ti Amẹ́ríkà sì wà ní ẹ̀yìn ilé, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ yẹn kò tó láti ba orúkọ jẹ́.

Ìyàtọ̀ kan wà tí ó ju èyí lọ. Pèpéle amọ̀ kò ní ihò nísàlẹ̀. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó gbé ẹni tí ó jókòó lé e. Pèpéle tí a fi igi kọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Òfìfo ni abẹ́ rẹ̀, igi díẹ̀ àti irin díẹ̀ ni ó sì dúró láàárín ènìyàn àti ilẹ̀. Nítorí náà a kò gbọdọ̀ pè é ní pèpéle lásán. Pèpéle onípákó ni a yàn, ọ̀rọ̀ kejì nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ìkìlọ̀ ni.

4.0 ẸRÙ

4.1 Ẹrù àbímọ́ àti ẹrù àlejò

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ pín ẹrù tí ilé ń gbé sí ọ̀nà méjì pàtàkì. Ọ̀kan ni ìwọ̀n ara ilé fúnra rẹ̀: igi, irin, pákó. Èyí kì í kúrò níbẹ̀. Èkejì ni ìwọ̀n ohun tí ń wá, tí ó sì ń lọ: ènìyàn, àga, tábìlì, yìnyín tí ó dà sórí rẹ̀. Bí a bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, a ó ní ẹrù òkú àti ẹrù alààyè. Ẹni tí ó bá gbọ́ ẹrù òkú ní èdè Yorùbá yóò rò pé aṣọ àti ohun ìní olóògbé ni a ń sọ. Ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ kò kọ́ni ní nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ tí a dábàá ni ẹrù àbímọ́ fún ti àkọ́kọ́, nítorí pé a bí i mọ́ ilé ni, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé ìwà kan jẹ́ àbímọ́ ẹni. Ẹrù àlejò ni a dábàá fún èkejì, nítorí pé àlejò ń dé, ó sì ń padà. Orúkọ kejì yìí tún ní àǹfààní kan: ó ń rán onílé létí pé ọjọ́ tí àlejò bá pọ̀ ni a ń dán ilé wò, kì í ṣe ọjọ́ tí ó dá jókòó níbẹ̀.

4.2 Ìṣirò

Ìwé òfin àwòkọ́ṣe fún ilé gbígbé ní Amẹ́ríkà, International Residential Code, tí a kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní ọdún 2000, ní kí a ka ẹrù àlejò orí pèpéle onípákó sí pọ́n-ùn 40 lórí ẹsẹ̀ bàtà onígun-mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Àwọn oníṣirò a sì máa ka pọ́n-ùn 10 sí ẹrù àbímọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 50.

Ẹ jẹ́ kí a mú pèpéle kan tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 láti ara ògiri lọ síta, tí ó sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16 ní gígùn ògiri. Ojú rẹ̀ jẹ́ 12 lọ́nà 16, èyí tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà onígun-mẹ́rin 192. Bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po 50, a ó rí pọ́n-ùn 9,600. Bí àwọn igi tí ó gbé pákó bá fi orí kan lé ara ilé, tí wọ́n sì fi orí kejì lé òpó níta, ìdajì ẹrù náà, pọ́n-ùn 4,800, yóò wà lára ilé. Ìdajì yòókù yóò wà lórí òpó. Kókó ibi tí gbogbo ẹ̀kọ́ yìí dá lé nìyí: igi kan ṣoṣo tí a so mọ́ ògiri ni ó gbé ìdajì gbogbo ẹrù.

Bí òpó mẹ́ta bá wà níta, ní orí kọ̀ọ̀kan àti ní àárín, tí igi orí wọn sì jẹ́ ègé méjì tí wọ́n pàdé lórí òpó àárín, òpó àárín yóò gba pọ́n-ùn 2,400, àwọn méjì yòókù yóò sì gba 1,200 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò tipa báyìí mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo òpó ni ó ń jẹ ìyà bákan náà, bí wọ́n tilẹ̀ jọra lójú.

4.3 Ìdí tí ìṣirò yìí kì í fi í ṣe eré

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2003, ní ìlú Chicago, pèpéle onípákó tí ó wà ní àjà kẹta ní ẹ̀yìn ilé ìgbé kan já wálẹ̀ nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe àríyá lórí rẹ̀. Ó wó lu ti abẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì wó lulẹ̀. Ènìyàn 13 ni ó kú. Ẹni tí ó bá ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ẹrù àlejò kò ní láti wá àpẹẹrẹ mìíràn lọ.

5.0 ÌDÍLÉ ÌTÌ

A mú ọ̀rọ̀ kan, ìtì, gẹ́gẹ́ bí orí ìdílé fún gbogbo igi gbọọrọ tí a dá dùbúlẹ̀ láti gbé ẹrù. Yorùbá ti mọ ìtì igi àti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àǹfààní ìdílé ọ̀rọ̀ ni pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti gbọ́ ìtì, ó ti mọ̀ pé ohun tí a ń sọ dùbúlẹ̀, ó sì ń gbé nǹkan; ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni yóò sọ èyí tí í ṣe.

5.1 Òpó àti ìtì ìdábùú

Òpó kò ní ìṣòro. Àwọn baba wa ti mọ iṣẹ́ òpó tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní ọ̀rọ̀ bí òpómúléró. Igi tí a gbé dábùú orí àwọn òpó, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní beam, ni a pè ní ìtì ìdábùú. Kí olùkọ́ tẹnu mọ́ ọn pé orí òpó gan-an ni kí ìtì ìdábùú jókòó. Bí a bá kàn fi bóòtù so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ òpó, irin nìkan ni yóò gbé ẹrù. Bí ó bá jókòó lórí òpó, igi ni yóò gbé igi, ilẹ̀ yóò sì gbé gbogbo wọn.

5.2 Ìtì àdèmọ́

Ọ̀rọ̀ tí ó fún wa ní iṣẹ́ jù lọ ni ti igi tí a so mọ́ ògiri ilé, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ledger. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni a yẹ̀ wò.

Àkọ́kọ́ ni ìtì àkànmọ́, láti inú kàn mọ́. Èyí ni yóò kọ́kọ́ wá sí ẹnu ẹnikẹ́ni, nítorí pé bí káfíńtà wa ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn: kàn án mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìṣó ni a fi ń kan nǹkan. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtì àkànmọ́ yóò mú òòlù, yóò sì mú ìṣó. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ìṣó lágbára bí ẹrù bá ń tẹ̀ ẹ́ láti òkè, ṣùgbọ́n kò lágbára bí a bá ń fà á jáde ní ọ̀nà tí ó gbà wọlé. Igi a máa mu omi kí ó wú, a sì máa gbẹ kí ó sún kì. Lọ́dọọdún ni ihò ìṣó ń tú díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ tí àlejò bá pọ̀, tí wọ́n ń jó, tí pèpéle ń mì lọ síwá sẹ́yìn, ìtì yóò fà kúrò lára ògiri. Ìwé òfin tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kò gba ìṣó tí ó ṣeé fà yọ láàyè fún síso pèpéle mọ́ ara ilé. Nítorí náà, bí a bá gba ìtì àkànmọ́ wọlé, ọ̀rọ̀-ìperí wa yóò máa pàṣẹ ohun tí òfin kọ̀.

Èkejì ni ìtì àlẹ̀mọ́. Èyí tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé àtè àti gọ́ọ̀mù ni a fi ń lẹ nǹkan mọ́ nǹkan.

Ẹ̀kẹta ni ìtì àfòmọ́. Orúkọ yìí wuyì. Àfòmọ́ ni ewéko tí ń hù sára igi kòkó àti igi obì, tí ó sì ń di ẹ̀ka rẹ̀ mú. Àwọn onímọ̀ èdè ti lò ó fún mọ́fíìmù tí ń so mọ́ ọ̀rọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé àfòmọ́ ni ó ń gbára lé igi, kì í sì í gbé ẹrù kankan fún un. Ìtì tí a ń wí yìí ń gbé ìdajì ilé iṣẹ́ náà. Òdìkejì iṣẹ́ rẹ̀ ni orúkọ náà ń sọ.

Ẹ̀kẹrin, èyí tí a yàn, ni ìtì àdèmọ́, láti inú dè mọ́. Ohun tí a dè kì í ṣe ohun tí a lẹ̀, kì í sì í ṣe ohun tí a kàn. Mẹkáníìkì a máa dè nọ́ọ̀tì. Ẹni tí ń di ẹrù a máa dè é kí ó má baà tú. Ọ̀rọ̀ náà ń darí ọwọ́ oníṣẹ́ sí bóòtù tí ó la ìtì já, tí ó la igi etí àjà ilé já, tí a sì fi wáṣà àti nọ́ọ̀tì dè ní òdìkejì. Ní Amẹ́ríkà èyí ṣeé ṣe nítorí pé igi ni egungun ọ̀pọ̀ ilé wọn. Bí bíríkì tí a fi ṣe ẹ̀ṣọ́ bá bo ara ògiri, a kì í de ìtì àdèmọ́ mọ́ bíríkì náà. A ó kúkú ri òpó ti ìhà ibẹ̀ pẹ̀lú, kí pèpéle lè dá dúró fúnra rẹ̀.

5.3 Ìtì ìtẹ́pákó àti bàtà ìtì

Àwọn igi tí a tò láti ìtì àdèmọ́ lọ sí ìtì ìdábùú, tí a ó tẹ́ pákó lé, ni a pè ní ìtì ìtẹ́pákó. Ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ ni kí ó jẹ́ íǹṣì 16 láti àárín ọ̀kan sí àárín èkejì. Nínú àpẹẹrẹ wa, ẹsẹ̀ bàtà 16 jẹ́ íǹṣì 192. Bí a bá fi 16 pín in, àlàfo 12 ni yóò wà, ìtì ìtẹ́pákó 13 ni a ó sì nílò. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò sọ pé 12. Kí olùkọ́ ní kí wọ́n ka ọ̀pá ọgbà àti àlàfo rẹ̀, wọn yóò rí i pé ọ̀pá fi ọ̀kan ju àlàfo lọ.

Níbi tí orí ìtì ìtẹ́pákó ti pàdé ìtì àdèmọ́, irin kan wà tí a tẹ̀ bí àpò, tí orí ìtì náà ń wọ̀ sínú rẹ̀. A pè é ní bàtà ìtì. Ẹsẹ̀ ń wọ bàtà. Orí ìtì náà sì ń wọ irin yìí. Gbogbo ihò tí a dá sí ara bàtà ìtì ni a gbọ́dọ̀ fi ìṣó tí a pèsè fún un dí. Níhìn-ín ìṣó kò léwu, nítorí pé ẹrù ń tẹ̀ ẹ́ láti òkè ni, kò fà á jáde.

5.4 Pákó ojú-pèpéle

Fún pákó tí ènìyàn ń rìn lórí rẹ̀, a kọ́kọ́ rò ó pé kí a pè é ní pákó àtẹ́, nítorí pé a tẹ́ ẹ. Ẹlòmíràn lè sọ pé pákó àtẹ̀, nítorí pé a ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì tọ̀nà, ohùn nìkan ni ó sì yà wọ́n. Ìlànà wa kẹrin kọ̀ wọ́n. Pákó ojú-pèpéle ni a yàn. Ìṣó onídìí yíyí, tí a fi ń so pákó wọ̀nyí, ni a pè ní ìṣó àyíwọ̀. Kí a fi àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín pákó kan àti èkejì, kí omi lè ráyè kọjá.

6.0 ÌPÌLẸ̀ ÒPÓ ÀTI ÀÀLÀ YÌNYÍN

Ìpìlẹ̀ òpó ni kọnkéré tí a dà sínú ihò láti gba ẹrù òpó kí ó sì tàn án ká sórí ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò ní àríyànjiyàn. Ohun tí ó ṣòro ni jíjìn ihò náà, nítorí pé ohun tí ó ń pinnu rẹ̀ kò sí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ìgbà òtútù ní àríwá Amẹ́ríkà, omi inú ilẹ̀ a máa dì. Omi tí ó dì a máa fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Yìnyín náà a sì tún máa fa omi mìíràn mọ́ra láti ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ yóò wú, yóò sì ti ohunkóhun tí ó bá wà lórí rẹ̀ sókè. Bí oòrùn bá padà, ilẹ̀ yóò rọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n òpó kò ní padà sí ipò rẹ̀ gan-an.

Ibi tí dídì náà dé nísàlẹ̀ ni a pè ní ààlà yìnyín. Yìnyín tí Yorùbá mọ̀ ni èyí tí ń bá òjò já bọ́. A fẹ ìtumọ̀ rẹ̀ lójú láti kan ti inú ilẹ̀. Ìpìlẹ̀ òpó gbọ́dọ̀ kọjá ààlà yìnyín. Ní ìpínlẹ̀ Minnesota, òfin ní kí ó jìn tó íǹṣì 60 ní ìhà àríwá, àti íǹṣì 42 ní ìhà gúúsù. Olùkọ́ ní Ìbàdàn lè fò ó, ṣùgbọ́n atúmọ̀-èdè kò gbọdọ̀ fò ó.

7.0 OMI ÀTI ÌJẸRÀ

Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Pèpéle tí a fi bóòtù dè pàápàá, omi lè wó o bí a kò bá ṣọ́ ọ. Ibi tí omi fẹ́ràn láti sá pamọ́ sí ni ẹ̀yìn ìtì àdèmọ́, láàárín òun àti ògiri. Páànù tí a tẹ̀ tí a sì fi bo ibẹ̀, kí omi lè ṣàn síta dípò inú, ni a pè ní páànù ìdarí-omi.

Ohun tí ń jẹ igi lẹ́yìn omi ni olú kéékèèké tí ojú kì í tètè rí. Wọn kì í lè gbé inú igi tí ó gbẹ. Bí ọ̀rinrin inú igi kò bá kọjá ìdá 20 nínú 100, igi náà kò ní jẹrà. Nítorí náà, atúmọ̀-èdè tí ó bá bá dry rot pàdé kò gbọdọ̀ kọ ìjẹrà gbígbẹ. Orúkọ náà ń ṣini lọ́nà ní Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ìjẹrà olú ni kí ó kọ. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 2015, ní ìlú Berkeley ní California, pèpéle kékeré kan tí ó yọ síta lára ilé ìgbé já. Ènìyàn 6 kú. Omi ti wọ inú àwọn ìtì rẹ̀, wọ́n sì ti jẹrà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ lóde kò fi bẹ́ẹ̀ hàn.

Igi tí a fi ń dènà èyí ni igi tí a ti oògùn apakòkòrò bọ̀ nínú. A kó igi sínú àgbá irin ńlá, a fa afẹ́fẹ́ inú igi jáde, a da oògùn kún àgbá, a sì fi agbára tẹ̀ ẹ́ títí oògùn yóò fi wọ ara igi. A kò pè é ní igi olóògùn, nítorí pé Yorùbá tí ó gbọ́ igi olóògùn yóò rò ó pé ìrókò tí a ń bọ ni a ń sọ. Igi àtọ́jú ni a yàn. Títí di òpin ọdún 2003, oògùn tí ó ní ásẹ́níìkì nínú ni ó wọ́pọ̀ fún igi ilé gbígbé ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n yí padà sí èyí tí bàbà pọ̀ nínú rẹ̀. Bàbà náà a máa mú kí irin lásán tètè dípẹtà. Nítorí náà, irin tí a rì sínú sínǹkì yíyọ́, tàbí irin aláìdípẹtà, ni kí a lò fún ìṣó, fún bóòtù àti fún bàtà ìtì.

8.0 ÌGBÁTÍ ÀTI Ọ̀PÁ ÌDÌMÚ

Gẹ̀ẹ́sì ojúmọ́ a máa da ohun méjì pọ̀ níhìn-ín. Kí Yorùbá má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó yí etí pèpéle ká kí ènìyàn má baà ṣubú ni ìgbátí. Ohun tí ọwọ́ ń dì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ni ọ̀pá ìdìmú. Ìwé òfin àwòkọ́ṣe ní kí ìgbátí wà níbi tí ojú pèpéle bá ga ju íǹṣì 30 lọ, kí gíga rẹ̀ má sì dín ní íǹṣì 36. Àlàfo àárín àwọn ọ̀pá ìgbátí gbọ́dọ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí bọ́ọ̀lù tí ó fẹ̀ ní íǹṣì 4 kò fi ní lè kọjá, nítorí orí ọmọdé. Ní ti àtẹ̀gùn, gíga ìgbésẹ̀ kò gbọdọ̀ ju íǹṣì 7¾ lọ. Ìtẹsẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní íǹṣì 10. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lágbára láti ṣe àtúnṣe sí ìwọ̀n wọ̀nyí.

9.0 ÀKÓJỌ Ọ̀RỌ̀-ÌPERÍ

Ààlà yìnyín: ibi tí omi inú ilẹ̀ ń dì dé nísàlẹ̀ ní ìgbà òtútù.
Bàtà ìtì: irin alápò tí orí ìtì ìtẹ́pákó ń wọ̀.
Ẹrù àbímọ́: ìwọ̀n ara ilé fúnra rẹ̀.
Ẹrù àlejò: ìwọ̀n ohun tí ń wá tí ó sì ń lọ.
Igi àtọ́jú: igi tí a fi agbára tẹ oògùn apakòkòrò sínú rẹ̀.
Ìgbátí: ohun tí ó yí etí pèpéle ká láti dènà ìṣubú.
Ìjẹrà olú: bíbàjẹ́ igi láti ọwọ́ olú níbi tí ọ̀rinrin wà.
Ìpìlẹ̀ òpó: kọnkéré abẹ́ òpó.
Ìṣó àyíwọ̀: ìṣó tí a ń yí wọlé.
Ìtì àdèmọ́: ìtì tí a fi bóòtù dè mọ́ ara ilé.
Ìtì ìdábùú: ìtì tí ó dábùú orí òpó.
Ìtì ìtẹ́pákó: ìtì tí a tẹ́ pákó lé.
Ọ̀pá ìdìmú: èyí tí ọwọ́ ń dì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn.
Páànù ìdarí-omi: páànù tí ń darí omi kúrò lẹ́yìn ìtì àdèmọ́.
Pákó ojú-pèpéle: pákó tí a ń rìn lórí rẹ̀.
Pèpéle onípákó: ibi ìgbafẹ́ gíga tí a fi igi kọ́ sí ẹ̀yìn ilé.

10.0 ÌDÁNRAWÒ

(a) Pèpéle onípákó kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 láti ara ògiri síta, ó sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn ògiri. Ṣe ìṣirò ẹrù tí yóò wà lórí ìtì àdèmọ́. (Ìdáhùn: pọ́n-ùn 3,000.)
(b) Ìtì ìtẹ́pákó mélòó ni yóò wọ̀ ọ́ bí àlàfo bá jẹ́ íǹṣì 16? (Ìdáhùn: 10.)
(d) Ṣàlàyé ìdí tí ìtì àkànmọ́ fi jẹ́ orúkọ tí ó léwu.

11.0 ÌKÁDÌÍ

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ẹni tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí fún iṣẹ́ ọwọ́ kò lè jókòó sídìí ìwé atúmọ̀ nìkan. Ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹrù ń gbà, ibi tí omi ń gbà, àti ohun tí ọwọ́ oníṣẹ́ yóò ṣe bí ó bá gbọ́ orúkọ. Kàn, lẹ̀, fò àti dè jọ ń gba mọ́ lẹ́yìn. Ìyàtọ̀ àárín wọn ni ìyàtọ̀ àárín pèpéle tí ó dúró àti èyí tí ó já.

Àbá ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, wọn kì í ṣe òfin. A mọ̀ pé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ní Èkìtì, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Kétu lè ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju èyí tí a yàn lọ, pàápàá fún ìtì ìdábùú àti bàtà ìtì. A rọ àwọn olùkọ́ tí wọ́n wà nítòsí wọn kí wọ́n lọ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ kí a lè fi wé èyí tí ó wà níhìn-ín.